Ẹni Tó Ṣe Ẹ̀rọ Ló Yẹ Kó Dí Ihò Ara Rẹ̀

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà kéde pé nǹkan bí 465,000 ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Abbott tó ń darí lílù ọkàn ní àléébù, ìyẹn ihò tí oníṣẹ́ ibi lè gbà fi ìgbì rédíò pàṣẹ fún wọn. Aláìsàn kò lè tún un ṣe nílé. Iwájú òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò lọ jókòó sí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, tí ẹ̀rọ inú àyà rẹ̀ yóò máa lù ní ìgbà 67 ní ìṣẹ́jú kan títí àtúnṣe, ìyẹn ìlànà kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé, yóò fi wọlé tán. Ìṣẹ́jú 3 kì í ṣe nǹkan fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ṣùgbọ́n ó gùn gan-an fún ẹni tó mọ̀ pé ọkàn òun ló wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn yẹn rí àtúnṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, FDA kìlọ̀ fún àwọn alátọ̀gbẹ tó ń lo àwọn ẹ̀rọ MiniMed àtijọ́ kan tí Medtronic ṣe, èyí tó ń rọ ínsúlíìnì sára, pé ẹni tó bá wà nítòsí lè pàṣẹ kí ó rọ ọ́ ní àrọjù, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì já wálẹ̀ débi ikú, tàbí kí ó má rọ ọ́ mọ́ rárá. Ilé iṣẹ́ náà kò rí i tún ṣe.

Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2008 ni àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ti fi rédíò àti kọ̀ǹpútà ka ìsọfúnni aláìsàn látinú ẹ̀rọ ọkàn ní yàrá ìwádìí, tí wọ́n sì mú kí ẹ̀rọ náà ta iná mànàmáná, nítorí pé ní gbangba ló ń sọ̀rọ̀, láìfi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ kí ará ọ̀nà gbọ́, àrokò la fi ń rán an.

Àwọn kan yóò ní FDA sọ nígbà méjèèjì pé òun kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fara pa. Òótọ́ ni, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ ẹ̀rọ kúrò lára, torí àǹfààní rẹ̀ ju ewu yìí lọ. Ṣé ó wá di ìgbà tí ẹnìkan bá kú ni?

Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2023 ti mú un ní dandan kí ilé iṣẹ́ tó ń wá àṣẹ láti ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi hàn bí yóò ṣe máa dí ihò tó bá yọ lára rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lára aláìsàn ṣáájú ọjọ́ náà ńkọ́? Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ilé iṣẹ́ tí kò bá lè tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, owó dókítà pẹ̀lú, níbi tí dókítà bá ti rí i pé pípààrọ̀ náà kò ní léwu ju fífi í sílẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà tiwa, kí NAFDAC tó fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà, kí ó bi ẹni tó gbé e wọlé pé: bí ihò bá yọ lára rẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i, ta ni yóò wá dí i, níbo, owó ta sì ni?