Àtúnṣe: Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀ fún ìrànwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé

Ẹ̀yin ará Kétu, ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ pín owó fún gbogbo ilé tí òjò ba oko wọn jẹ́, pé ká fi 2,000 sẹ́fà ránṣẹ́ lórí MoMo kí orúkọ wa lè wọlé. Irọ́ ni. Mo rí ìyá kan lọ́jà tó ti ń ka owó gàrí rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó bá òun fi ránṣẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Àpò owó pàjáwìrì Àjọ náà, CERF, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006. Ẹ̀bùn àtinúwá làwọn ìjọba ń fi sínú rẹ̀. Kì í fún ẹnikẹ́ni lówó tààrà: àwọn àjọ bíi UNICEF (tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé) àti WFP (tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ) ló ń gbà á, tí wọ́n fi ń bá ìjọba àti ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. OCHA, ọ́fíìsì Àjọ náà tó ń rí sí ìrànwọ́ nígbà àjálù, ló ń ṣètò wọn kí iṣẹ́ má baà forí gbárí.

Òótọ́ ni pé WFP máa ń fún ìdílé lówó nígbà mìíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ yìí wọ èèyàn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ti sanwó, kó tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo náà, kó gbé e lọ bá ọlọ́pàá.