Òkúta Kì Í Dàgbà, Ilẹ̀ Ló Ń Lọ

Bàbá ọlọ́dẹ ilé ìwé wa ló tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àpáta kan wà lẹ́yìn kíláásì SS1, orí rẹ̀ làwọn ọmọ máa ń jókòó sí jẹun lásìkò ìsinmi. Bàbá na ọ̀pá sí i, wọ́n ní: "Tíṣà, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí yìí, fífò ni mò ń fò ó kọjá tí mo bá ń gé koríko. Ẹ wá wò ó báyìí, ó ti dé mi ní ìbàdí. Òkúta ń dàgbà."

Ta ni ọmọ Àkúrẹ́ tàbí ọmọ Ìdànrè tí kò gbọ́ èyí rí? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi àgbà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu bíríkìlà, mo tilẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó kàwé jù mí lọ. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: òkúta kì í dàgbà. Ṣùgbọ́n Bàbá kò purọ́ o. Òótọ́ ni ohun tí ojú wọn rí. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ kíláásì mi, ọwọ́ tó nà sókè pọ̀. Ọmọ kan ní omi òjò ni òkúta ń mu tó fi ń tóbi. Mo lè kọ "irọ́ ni" sára pátákó, kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n sì tún un kọ fún mi nínú ìdánwò nítorí máàkì. Tí wọ́n bá padà délé, òkúta á kàn tún máa dàgbà lọ ní tirẹ̀. Ni mo bá ní ó yá, ẹ jẹ́ ká gbin òkúta.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú òkúta kan wá, a kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta adìẹ dídì níwájú ilé ìwé, ó bá wa gbé wọn lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì kọ iye tó wọ̀n sílẹ̀. A rì wọ́n sínú ike ọ̀dà tó ní ilẹ̀ dúdú, àwọn ọmọ sì ń bomi rin wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń bomi rin ewédú. Ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ lọ bu ìgbẹ́ adìẹ sí tiwọn. Nígbà tí táàmù ń parí lọ, a hú wọn, a fọ̀ wọ́n, a sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ dáadáa, a sì padà sọ́dọ̀ ìyá aládìẹ. Iye tí wọ́n wọ̀n tẹ́lẹ̀ náà ni. Ohun kan ṣoṣo tó dàgbà ni tẹ̀tẹ̀ tó hù nínú ike àwọn onígbẹ̀ẹ́ adìẹ, wọ́n sì fà á lọ sílé.

Ìyẹn fi hàn pé òkúta kì í mu omi dàgbà, ṣùgbọ́n kò dá Bàbá lóhùn. Kí ló wá gbé àpáta ẹ̀yìn kíláásì ga?

Bàsíà ló dáhùn. A ri òkúta kan sínú yẹ̀pẹ̀ nínú bàsíà ńlá títí ó fi ku orí rẹ̀ nìkan. A lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí agolo tòmátò, ìyẹn ni òjò wa. Ìgbà àkọ́kọ́ bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí iyanrìn lásán ni mo lò. Omi gbá gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, òkúta sì dojú dé. "Sà, tiwa ti kú," ọmọ kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a bu ilẹ̀ pupa inú ọgbà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, a gé ẹnu bàsíà níhà kan kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, ọmọbìnrin kan ṣe ohun tí èmi gan-an kò ronú kàn. Ó gbé rúlà gígùn tí a fi ń fa ìlà sára pátákó lé ẹnu bàsíà, láti etí kan dé èkejì, ó sì gbọn yẹ̀pẹ̀ abẹ́ òkúta títí orí òkúta fi kan rúlà náà gẹ́lẹ́.

A da omi, a da omi. Yẹ̀pẹ̀ ń ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀, òkúta ń yọ. Nígbà tí a fi máa dáwọ́ dúró, ẹni tó bá wo òkúta náà á búra pé ó ti ga sí i ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọmọbìnrin yẹn tún gbé rúlà rẹ̀ lé e. Ibi tó kàn án tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì kàn án. Òkúta kò gbéra rárá. Ariwo tí wọ́n pa mú kí olùkọ́ kíláásì kejì yọjú lójú fèrèsé.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń rí i káàkiri ìgboro. Ẹ gba Òkè Àró kọjá, ẹ wo àwọn ilé àtijọ́: ìpìlẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ti yọ síta, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ ẹyọ kan ti di méjì, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kún un kí arúgbó lè rí ibi gùn. Ṣé ilé náà ń dàgbà ni? Gbòǹgbò igi máńgòrò tó ta síta bí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà ńkọ́? Òjò tó ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dún kan ju mítà kan lọ tí a bá gbè é pọ̀, ibi tí koríko kò bò ló sì ti ń jẹ ilẹ̀ jù. A wá tún fi ọwọ́ ara wa kún un. Ìyá wa kò lè jí kó má gbálẹ̀ àgbàlá; gbogbo ìgbálẹ̀ yẹn ló ń bu erùpẹ̀ díẹ̀ lọ, fún ogójì ọdún.

Àpáta ńlá bíi ti Ìdànrè náà kò yàtọ̀, àfi pé tirẹ̀ pẹ́ kọjá àfẹnusọ. Gíránáìtì ni. Òkúta yíyọ́ ló jẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ó tutù, ó sì dì, ó ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Ilẹ̀ àti òkúta mìíràn ló bò ó mọ́lẹ̀ nígbà náà. Omi òjò tó ń rìn wọ inú ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa a máa mú kí òkúta jẹrà láti ibi tó bá ti sán. Ẹ bi àwọn agbẹ́kànga: wọ́n á kọ́kọ́ kan ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà òkúta jíjẹrà tí ẹ lè fi ọwọ́ rún, ọ̀já ara rẹ̀ ṣì ń hàn, kí wọ́n tó kan èyí tí ọkọ́ kò ràn. Ibi tí kò sán kì í tètè jẹrà. Nígbà tí òjò bá wá kó èyí tó jẹrà lọ, èyí tó le á dá dúró bí òkè. Àwọn òkúta rìbìtì tó dúró lórí àpáta bíi pé ẹnìkan gbé wọn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Kò sẹ́ni tó gbé wọn.

Kí a má tilẹ̀ wí pé àpáta yìí ń kéré sí i. Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tó lọ sí ìlú àtijọ́ lórí òkè Ìdànrè, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkúta, ẹ ó rí ibi tó ti ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà.

Ọ̀kan wà tí n kò lè fi bú Bàbá, yangí ni. Inú ilẹ̀ gan-an ni yangí ti ń di òkúta, nígbà tí irin inú ilẹ̀ pupa bá kó jọ tó sì le. Ẹni tó bá ní yangí "ń hù", mo lè bá a ṣàwàdà, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n yangí kọ́ ló wà lẹ́yìn kíláásì wa.

A kun ìlà funfun yí ìdí àpáta yẹn ká, ní ibi tí ilẹ̀ dé gẹ́lẹ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ìlà náà ti fi ìka méjì ga ju ilẹ̀ lọ níhà ìsàlẹ̀. Mo pe Bàbá wá wò ó. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ọ̀dà náà, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n rìn yí kíláásì náà ká, wọ́n dúró síbi tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ẹ ní kí àwọn ọmọ yín bu erùpẹ̀ wá o, kí ilé yìí náà tó dàgbà lé wa lórí."