Ẹ jẹ́ kí Rita Mae Brown bá ológbò ẹ̀ kọ̀wé jàre

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé Rita Mae Brown, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà yẹn, ti fi ìjà ẹ̀tọ́ sílẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe gan-an? Pé obìnrin tójú ẹ̀ le tó báyẹn láyé ọjọ́sí, òun náà ló wá jókòó sí Virginia tó ń kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ológbò àti ajá ti ń wá apààyàn, pé ìjà àti ológbò ò bára tan. Èmi ò gbà o. Wọ́n bára tan dáadáa, ẹ ṣáà ní sùúrù.

Ọmọ àgbàtọ́ ni, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ò lówó, sikọ́láṣíìpù ló gbé e wọ Yunifásítì Florida. Ló bá tún lọ ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà fún ẹ̀tọ́ wọn, òun òyìnbó, ní gúúsù Amẹ́ríkà ní 1964! Kíá, sikọ́láṣíìpù ti lọ. Ó ń dá mọ́tò olómọ́tò dúró lójú títì títí tó fi dé New York, ìgbà míì ò ríbi sùn, síbẹ̀ ó gboyè jáde ní Yunifásítì New York.

Ó wọ NOW, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin. Betty Friedan tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní àwọn lẹ́sbíànì, ìyẹn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, máa ba ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́, ewu aláwọ̀ àlùkò ló pè wọ́n. Ẹ gbọ́ ná, obìnrin tó ń pariwo pé ọkùnrin ò jẹ́ káwọn sọ̀rọ̀ ló tún ń pa obìnrin míì lẹ́nu mọ́. Rita Mae, tóun náà jẹ́ lẹ́sbíànì, bá tiẹ̀ kúrò ní 1970. Tó bá jẹ́ èmi ni, ilé ni màá lọ sùn. Ní May 1 ọdún yẹn, àwọn obìnrin ń ṣèpàdé ńlá ní New York, wọn ò fi lẹ́sbíànì kankan sára àwọn tó máa sọ̀rọ̀, àfi bí iná ṣe kú lójijì nínú gbọ̀ngán, ìgbà tó máa padà tàn, àwọn obìnrin ti tò sáàárín àga pẹ̀lú tíṣáàtì tí wọ́n rẹ láwọ̀ àlùkò, orúkọ èébú yẹn gan-an ni wọ́n kọ sáyà ẹ̀. Wọ́n ní ta ló fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, Rita Mae ní òun fẹ́ o, ó bọ́ tíṣáàtì ọrùn ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ẹnu ya gbogbo wọn, àṣé ó ti wọ òmíì sábẹ́ ẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín débi tẹ́nì kan á bi mí pé kí ló ṣe mí.

Ìtàn àròsọ ẹ̀ àkọ́kọ́, Rubyfruit Jungle, $1,000 ni ilé ìtẹ̀wé kékeré àwọn obìnrin kan san fún un ní 1973, nígbà tó máa di 1977 Bantam, ilé ìtẹ̀wé ńlá, ti ra á $250,000. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ó wá di 1990, ológbò dé. Ó ní òun àti ológbò òun Sneaky Pie Brown ló jọ kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, orúkọ ológbò wà níwájú ìwé lóòótọ́! Harry ni obìnrin inú ẹ̀, òun ló ń bójú tó pósọ́fíìsì ìlú kékeré kan ní Virginia, òun àti ọkọ ẹ̀ ń kọra wọn sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó ń jẹun ẹ̀. Ẹni tí wọ́n máa pa á kọ́kọ́ gba káàdì tó ní àwòrán ibojì, ọwọ́ Harry sì ni gbogbo lẹ́tà ń gbà kọjá. Ológbò àti ajá ẹ̀ á ti rí ẹ̀rí tipẹ́, wọ́n á máa ké sáwọn èèyàn, wọ́n á máa bínú, kò sẹ́ni tó gbọ́ wọn. Ẹ ò rí i pé ìpàdé 1970 yẹn náà ni? Ẹni tó wà níbẹ̀ tí wọn ò kà sí, òun ló ń rí gbogbo ẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀ ló dùn o. Àwọn ìwé ẹ̀ míì tó ń kọ láti 2000 lórí àwọn tó ń fẹṣin ṣọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹṣin ti pọ̀ jù níbẹ̀ fún mi, ìwàásù náà sì ń gùn sí i. Ṣùgbọ́n 1944 ni wọ́n bí ìyá yìí, ọdún mélòó lẹ tún fẹ́ kó fi wọ́de kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó jókòó ti ológbò ẹ̀?