Àwa tá a sanwó là ń jìyà

Òǹkọ̀wé kan ní àwọn olè nìkan ló ń pariwo nípa bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń fi àgádágodo sára géèmù kọ̀ǹpútà kí ẹni tí ò sanwó má bàa lè lò ó. Irọ́ ni o! Owó mi ni mo fi ra tèmi. Mo pààrọ̀ háàdì díìsìkì, mo tún Windows tò lẹ́ẹ̀mejì, ni géèmù bá ní iye ìgbà tí mo lè fi òun sórí kọ̀ǹpútà ti pé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kí n fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́. Rìsíìtì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn! Ẹ rántí géèmù Spore lọ́dún 2008: orí kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré ni EA, ilé iṣẹ́ tó ń tà á, kọ́kọ́ gbà kéèyàn fi sí, làwọn oníbàárà bá rọ̀jò ìràwọ̀ kan ṣoṣo, máàkì tó kéré jù, lé e lórí ní Amazon, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n jí ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ títà tó pé, kò sì sí àgádágodo kankan lára ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká ṣáà máa tan íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ lè máa yẹ̀ wá wò bóyá a sanwó, ṣé ẹ ti gbàgbé géèmù Assassin's Creed II ni? Nígbà tí sáfà Ubisoft tó ṣe é, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí géèmù gbọ́dọ̀ máa kàn sí, dákú ní oṣù kẹta ọdún 2010, ẹni tó ra ojúlówó ló jókòó tó ń wojú kọ̀ǹpútà. Ẹ tiẹ̀ ki díìsìkì géèmù àtijọ́ tó ní àgádágodo SafeDisc bọ Windows 10, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á ṣí.