Potogí kọ́ ló kọ́ Bìní àti Ifẹ̀ ní idẹ dídà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ láì yẹ̀ ẹ́ wò: pé àwọn Potogí ló kọ́ àwọn ará Bìní bí wọ́n ṣe ń da idẹ, pé bí kì í bá ṣe ti òyìnbó, kò ní sí àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń lọ wò ní mùsíọ́ọ̀mù lónìí. Wọ́n tún máa ń sọ ọ́ nípa àwọn orí idẹ Ifẹ̀. Irọ́ ni. Idẹ ni Potogí kó wá, wọn kò kó ìmọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún ṣe ìdíwọ̀n. Nǹkan bí ọdún 1485 sí 1486 ni àwọn Potogí kọ́kọ́ dé Bìní. Ní Igbo-Ukwu, ìlú kan nílẹ̀ Ìgbò, níbi tí Isaiah Anozie ti ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní 1938, àwọn ohun èlò tí wọ́n fi bàbà àti òjé dà ló jáde látinú ilẹ̀. Nígbà tí Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbẹ́ ibẹ̀ dáadáa láti 1959, àyẹ̀wò fi hàn pé iṣẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án ni wọ́n. Iyẹn ti ju 500 ọdún lọ kí ọkọ̀ Potogí kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ọdún 1938 yẹn náà ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ bá àwọn orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá pàdé nínú ilẹ̀. Àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ka iṣẹ́ idẹ Ifẹ̀ sí. Ìtàn ẹnu Bìní pàápàá, èyí tí ọ̀pọ̀ ti kọ sílẹ̀, sọ pé Ọba Oguola ló ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ẹni tó mọ idẹ dà, Iguegha sì ni wọ́n rán wá. Kò sí Potogí kankan nínú ìtàn náà.

Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí gan-an kò ní gbà pé èèyàn lè kọ́ ọ lọ́wọ́ oníṣòwò tó kàn sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ inú orí náà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n á wá na ìda oyin lé e lórí, kò sì ní nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, torí bí ìda bá ṣe nípọn tó ni idẹ yóò ṣe nípọn tó. Ara ìda yìí ni wọ́n ti ń ya imú, ètè, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, títí kan irun. Wọ́n á tún fi ìda ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan mọ́ ọn: àwọn kan yóò di ojú ọ̀nà tí idẹ máa gbà wọlé, àwọn yòókù ni afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi amọ̀ kíkúnná tó ṣàn bí ògì ra gbogbo ara ìda náà, kó lè wọ inú gbogbo ìlà tí wọ́n ti fà, wọ́n á gbé e síbi òjìji kó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Amọ̀ tó le ju ìyẹn lọ ló kàn, ìpele kan lórí èkejì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbẹ kí èyí tó tẹ̀ lé e tó dé. Wọ́n á gún ìṣó irin láti ìta wọ inú, kí amọ̀ inú má baà yẹ̀ nígbà tí ìda bá lọ tán. Iná ló kàn: ìda á yọ́, á ṣàn jáde, wọ́n á sì da idẹ tó ti yọ́ síbẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì gbóná.

Ibi tí iṣẹ́ ti lè bàjẹ́ pọ̀ jọjọ. Bí amọ̀ kò bá gbẹ dénú, omi inú rẹ̀ á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á fọ́ ọ, idẹ gbígbóná á sì ta sí ara ẹni tó ń dà á. Bí amọ̀ bá ti tutù, idẹ á dì lọ́nà, orí náà á jáde láìní etí. Bí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kò bá tó, ihò á kún ara rẹ̀. Bí ìṣó irin kò bá dì í mú, amọ̀ inú á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan á nípọn, apá kejì á lu. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ́ amọ̀ náà kí wọ́n tó rí iṣẹ́ wọn, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè lò ó. Oṣù tí wọ́n ti ń ya ìda lè ṣòfò níṣẹ́jú kan.

Àwọn ará Ifẹ̀ tún ṣe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n àti ère tó jókòó tí wọ́n rí ní Tada lẹ́bàá odò Ọya fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì bàbà. Bàbà kì í yọ́ àfi kí iná tó 1,084 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ju ti idẹ lọ dáadáa, kì í sì í ṣàn geere bí idẹ. Afẹ́fẹ́ tó máa ń gbé mì nínú iná á tún máa yọ ihò nígbà tó bá ń dì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń da irin níbi gbogbo fi máa ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Ibo wá ni irọ́ náà ti wá? Àwọn pátákó idẹ Bìní gbé Potogí sára, pẹ̀lú irun gígùn, irùngbọ̀n àti ìbọn. Ẹni tó rí i lè rò pé àwọn ló kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń da idẹ kàn ń ya àlejò tí wọ́n rí ni. Òótọ́ ni pé ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n ń pè ní mànílà ni Potogí fi ń rajà. Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ Potogí kan, kọ ọ́ ní nǹkan bí 1505 sí 1508 pé ní Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbà 12 sí 15 ni wọ́n ń fi ra ẹrú kan. Ẹ ronú sí i: èèyàn kan, ẹ̀gbà 15. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé ilẹ̀ Jámánì, lágbègbè odò Rhine, ni ọ̀pọ̀ idẹ inú àwọn mànílà náà ti wá, òun náà ni wọ́n sì bá nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Bìní. Ohun tó yí padà nìyẹn: idẹ pọ̀ sí i. Àwọn orí Bìní tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, àwọn ti ìgbẹ̀yìn wúwo, wọ́n sì nípọn. Bó bá jẹ́ pé Potogí ló kọ́ wọn ni, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kọ́ ló yẹ kó fẹ́lẹ́ jù, torí idẹ tó fẹ́lẹ́ ló ṣòro jù láti dà.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní ní oṣù kejì ọdún 1897, tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun èlò ààfin lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní London ń wá ẹni mìíràn tí wọ́n lè gbé iṣẹ́ náà fún. Felix von Luschan, ọ̀mọ̀wé kan ní mùsíọ́ọ̀mù Berlin, ló ta kò wọ́n pé iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ni. Ní 1910, Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, rí orí Olókun ní Ifẹ̀, ó ní Atlantis, ilẹ̀ inú àròsọ àwọn Gíríìkì, ni ó ti wá. Wọ́n ń kó ẹrù lọ, wọ́n sì ń gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ní Bìní, ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń da idẹ, Igun Eronmwon, ni iṣẹ́ yìí wà nígbà náà, Ọba nìkan ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló kú sí ní 1914. Fún ọdún 17 kò sí ọba, kò sí ẹni tó ń gbéṣẹ́ fún àwọn tó ń da idẹ. Ọba Eweka Kejì, tí òun náà mọ iṣẹ́ ọnà, ló gbé iṣẹ́ náà dìde, ó sì gbà kí wọ́n máa tà á fún ará ìta. Wọ́n ṣì ń dà á ní òpópónà Igun ní Bìní lónìí, pẹ̀lú ìda àti amọ̀.

Àwọn pátákó idẹ Bìní yẹn ti wà lára òpó ààfin rí, ihò ìṣó ṣì wà létí wọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, inú yàrá kan ni wọ́n bá wọn níbi tí wọ́n kó wọn jọ sí, wọ́n kó wọn láì kọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, wọ́n sì tà wọ́n káàkiri láti fi san owó ogun. Òmíràn wà ní London, òmíràn ní Vienna, òmíràn ní New York. Jámánì ti dá díẹ̀ padà ní 2022, Netherlands dá ohun èlò 119 padà ní 2025. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi to àwọn pátákó náà sára òpó kò sí nínú ìwé àwọn tó kó wọn lọ, kò sì sí mùsíọ́ọ̀mù tó lè dá ìyẹn padà.