Rollback kì í dá dátà padà o

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá, pé "ẹ ṣáà run migration yẹn, tó bá bàjẹ́ ká ṣe rollback." Irọ́ ni o. Migration ni kóòdù tó ń yí bí table inú database ṣe rí padà, rollback sì ni àṣẹ tó ń tú àyípadà yẹn. Rollback lè dá table padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wo Laravel, framework PHP tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ká ní up(), apá migration tó ń ṣe àyípadà, yọ column phone kúrò nínú table customers, tí down(), apá tí rollback ń lò, sì ń dá a padà. Upgrade wá forí ṣánpọ́n, ẹ sáré tẹ php artisan migrate:rollback, column phone dé lóòótọ́, àmọ́ NULL (òfìfo) ni láti òkè délẹ̀, nọ́ńbà àwọn kọ́sítọ́mà ti lọ. Ibo ni down() fẹ́ ti rí i? Bí wọ́n ṣe ń ṣe column nìkan ló mọ̀, kò bá yín tọ́jú nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.

MySQL tó jẹ́ database gan-an tún ní tiẹ̀. ALTER TABLE (àṣẹ tó ń yí table padà) kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe commit fúnra ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń wọlé pátápátá lójú ẹsẹ̀, transaction (àkójọ àṣẹ tó jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ á wọlé pọ̀ tàbí kí ìkankan má wọlé) ò lè dá a dúró. Tí migration kan bá ní ALTER mẹ́ta, tí ìkejì kọ̀, àkọ́kọ́ ti wọlé nìyẹn. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé Laravel kì í kọ migration tó kú sójú ọ̀nà sínú table migrations tó fi ń rántí àwọn èyí tó ti run, torí náà tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ run, tẹ́ ẹ wá fi ìpayà tẹ rollback, batch (àwọn migration tẹ́ ẹ run pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) tó ṣáájú ẹ̀, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa látọjọ́ yìí, ló máa lọ fà tu! PostgreSQL, database mìíràn, sàn díẹ̀, ó gbà kí ALTER wà nínú transaction, tó bá kùnà gbogbo ẹ̀ á padà, àmọ́ tó bá ti COMMIT, ó parí.

Àwọn kan á ní ṣebí backup wà. Backup pọn dandan, àmọ́ tó bá jẹ́ ti òru àná lẹ dá padà, gbogbo ọ́dà tó wọlé láàárọ̀ yìí ti wọgbó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi column tuntun kún un, ẹ jẹ́ kí kóòdù máa kọ sínú méjèèjì, kẹ́ ẹ máa da dátà àtijọ́ kọ sínú tuntun díẹ̀díẹ̀, ẹ má yọ ti àtijọ́ o. Tí wàhálà bá dé, kóòdù nìkan lẹ máa dá padà, dátà ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá ti dá yín lójú pé kò sí kóòdù kankan tó ń ka ti àtijọ́ mọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ ọ́, ẹ sì dà á kọ sí table mìíràn kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.