Update kọ́ ló sábà máa ń ba firewall jẹ́

Update Windows ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀, ó tún ara rẹ̀ tàn, àmì pupa sì yọ lórí Windows Security: firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lórí nẹ́tíwọ̀kì wò, ò ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pé kó tàn, ó kọ̀. Bí ẹ bá bi ẹlòmíì, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Update yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì ti update pa pátápátá. Bí firewall bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ pa òun náà, router tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín ti tó." Ó dùn létí, ó sì rọrùn láti ṣe. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, update ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e sì burú ju àìsàn náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí ẹ̀sùn fi máa ń já lé update lórí. Firewall Windows kì í dá dúró. Service kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ló ń gbé e ró, Windows Defender Firewall lorúkọ rẹ̀, MpsSvc ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. MpsSvc fúnra rẹ̀ gbára lé òmíràn tó ń jẹ́ Base Filtering Engine, ìyẹn BFE. Bí BFE ò bá dìde, MpsSvc ò lè dìde, ẹ ò báà tẹ bọ́tìnnì yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ làwọn méjèèjì máa ń dìde.

Ọ̀pọ̀ wa kì í sì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A ó pa láptọ́ọ̀pù dé, á sùn, a ó ṣí i lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ á máa lọ. Kódà, ẹni tó ń tẹ Shut down ní alaalẹ́ lè má tíì pa á délẹ̀, torí pé láti ayé Windows 8 ni Fast Startup ti wà. Bí Fast Startup bá wà ní títàn, Windows á fi ipò tí inú rẹ̀ wà pamọ́ sórí dísìkì, títí kan àwọn service tó ń lọ lábẹ́lẹ̀, á sì gbé gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà nígbà tí ẹ bá tún tàn án. Restart nìkan ló ń tú gbogbo rẹ̀ ká tó sì ń tò ó lákọ̀tun. Restart gan-an sì ni update máa ń béèrè. Ohun tó ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọjọ́ update ló máa hàn síta.

Kí ló lè ti bà á jẹ́? Ó lè jẹ́ antivirus tí wọn ò yọ tán, tó fi driver tiẹ̀ (ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ Windows) sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ àwọn ètò tó ń pe ara wọn ní agbálẹ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń sọ àwọn service di Disabled kí kọ̀ǹpútà lè yára. (Mi ò tíì rí èyí tó mú ohunkóhun yára.) Ó sì lè jẹ́ kòkòrò, ìyẹn ètò burúkú tó ń wọnú kọ̀ǹpútà. ZeroAccess, tó gbòde kan ní nǹkan bí 2011 sí 2013, máa ń pa BFE àti MpsSvc rẹ́ kúrò nínú Windows pátápátá. Bí irú rẹ̀ bá ti wọlé sí kọ̀ǹpútà ẹnì kan, tí onítọ̀hún wá lọ ń yọ update tó ń tún ihò ààbò ṣe, ó ti ṣílẹ̀kùn fún olè lẹ́ẹ̀kejì.

Bí Windows bá kọ̀ láti tan firewall, ó máa ń sọ ìdí rẹ̀, àwa la kì í kà á. Bí ẹ bá rí 0x8007042c, nǹkan kan tí firewall gbára lé ni ò dìde. Òun náà ni 1068 tí ẹ máa rí níbòmíì, wọ́n kàn kọ ọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ ni. 0x80070424, tàbí 1060, ní tiẹ̀ ń sọ pé service yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Bó bá jẹ́ 5, wọn ò gbà á láyè: àṣẹ tó wà nínú registry, ibi tí Windows ń kọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ sí, ti yí padà. Ọ̀ràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ sì rí i pé "ẹ yọ update" ò wo ọ̀kankan nínú wọn sàn.

Ẹ ṣí Event Viewer, ibi tí àkọsílẹ̀ Windows wà, ẹ wọ Windows Logs, ẹ wọ System, kí ẹ wá ohun tí Service Control Manager, tó ń darí àwọn service, kọ ní kété tí kọ̀ǹpútà tàn. Event 7001 ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, torí pé ó máa ń dárúkọ àwọn méjèèjì: service tó kọ̀ láti dìde, àti èyí tí kò jẹ́ kó dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ `sc query bfe`. Ẹ wo ìlà STATE. Bó bá jẹ́ 4 RUNNING, BFE ò lẹ́bi, ẹ lọ wo MpsSvc fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ 1 STOPPED, ẹ tẹ `sc qc bfe`, kí ẹ wo ìlà START_TYPE. 2 AUTO_START ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bá 4 DISABLED, ẹ bi ara yín léèrè ètò wo lẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà láìpẹ́ yìí.

Bó bá jẹ́ pé fáìlì Windows ló bàjẹ́, `DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth` ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí `sfc /scannow` tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ látorí sfc, bẹ́ẹ̀ inú àká tí DISM ń tún ṣe ni sfc ti ń mú fáìlì tó dáa. Ní ti `netsh advfirewall reset` tí gbogbo ayé ń pariwo, òfin firewall nìkan ló ń dá padà sí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí service ò bá dìde, netsh ò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bó bá sì dìde, gbogbo òfin tí ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ ló máa lọ, àyàfi tí ẹ bá ti fi `netsh advfirewall export` tọ́jú wọn tẹ́lẹ̀.

Nígbà míì sì rèé, kò sóhun tó ṣe firewall rárá. Antivirus tí ẹ rà lè ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Windows fi ń sọ pé tòun wà ní pípa. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti fáìlì tí ẹ ń pín láàárín kọ̀ǹpútà ni ò lọ mọ́, ẹ wò ó bóyá nẹ́tíwọ̀kì yín ti kúrò ní Private (ti ilé tí ẹ fọkàn tán) bọ́ sí Public (ti ìta tí ẹ ò fọkàn tán). Iṣẹ́ rẹ̀ ni firewall ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Ní June 2025, lẹ́yìn update KB5060829 fún Windows 11 24H2, Event 2042 bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú àkọsílẹ̀ firewall, tó ń sọ pé "Config Read Failed". Ojora mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Microsoft fèsì pé kí wọ́n má kà á sí, firewall ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Mi ò sọ pé update kì í ṣẹ̀ o. Nígbà tí macOS 15, ti kọ̀ǹpútà Apple, jáde ní September 2024, ó kó wàhálà nẹ́tíwọ̀kì bá àwọn tó ń lo ètò ààbò ilé iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ló tún un ṣe? 15.0.1 ni, update míì tó jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti ti update pa nígbà yẹn ti há mọ́ àárín wàhálà náà nìyẹn.

Ó wá ku ti router. Ohun tó bá ń bọ̀ látìta ni router ń dá dúró. Kọ̀ǹpútà míì tó ti kó kòkòrò lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà pẹ̀lú tiyín, kò ní gba ibi tí router ti ń ṣọ́nà kọjá. Kòkòrò WannaCry, ní May 2017, gba port 445, ẹnu ọ̀nà tí Windows fi ń pín fáìlì, láti ara kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn nínú ilé iṣẹ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ update tó dí ihò náà ti wà nílẹ̀ láti March. Ní August 2003, tí kòkòrò Blaster ń jà ràn-ìn, firewall ti wà nínú Windows XP, àmọ́ wọn kì í tàn án fún èèyàn. Service Pack 2, ní August 2004, ló sọ ọ́ di ohun tó ń tàn fúnra rẹ̀. Microsoft sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá dá service firewall dúró lè rí i pé Start menu ò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí pé àwọn ètò láti Store ò lè wọlé.

Bó bá jẹ́ 0x80070424 lẹ rí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Microsoft Defender Offline yẹ kọ̀ǹpútà wò kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, torí service kì í pa ara rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún Windows gbé lé orí ara rẹ̀, kí ẹ yan pé kí fáìlì àti ètò yín wà níbẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ tẹ `netsh advfirewall show allprofiles state`. Domain, Private àti Public ló máa jáde, ON ló sì yẹ kó wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí kò bá sí antivirus míì tó ń ṣe iṣẹ́ náà.